Ohun tí wọ́n sọ fún wa kí á tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù: òótọ́ àbí irọ́?

Ẹ ṣáà ti la ẹnu pé ẹ fẹ́ lọ wo Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tí kò mọ ìlú náà. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ní 1994 mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò kọjá bodè Sẹ̀mẹ̀ rí gan-an mọ iye tí wọ́n ń ta omi níbẹ̀. Nígbà tí èmi fẹ́ lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí owó ọwọ́ mi kò sì ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè tọ́jú lọ, mo kọ gbogbo ìmọ̀ràn wọn sínú ìwé kékeré kan. Bí mo bá ti fojú ara mi rí òkodoro ọ̀kan, n ó fa igi lé e lórí, tàbí kí n kọ “ó rí bẹ́ẹ̀” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe irọ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ pa. Òótọ́ ayé àtijọ́ ni àwọn kan, àwọn mìíràn sì jẹ́ òótọ́ olówó tí wọ́n gbé lé tálákà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ni gbogbo wọn ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà wọ́n gbọ́.

“Ẹ kó mílíọ̀nù mẹ́wàá sínú àkáǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní fún yín ní físà”

Irọ́ ni. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé mi, eyí ló ti ba ti èèyàn jẹ́ jù. Òfin físà àlejò ti Ìlú Ọba kò dárúkọ iye kankan. Ohun tí ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò fẹ́ mọ̀ ni bóyá owó tó wà nílẹ̀ tó ìrìn tí ẹ ní ẹ fẹ́ rìn, àti bóyá owó náà jọ yín. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦350,000, tí mílíọ̀nù mẹ́jọ já wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó fi ìwé sílẹ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìbéèrè tí kò ní lè dáhùn: owó yìí, ta ni bàbá rẹ̀? Àwọn ejẹ́ǹtì tó ń yá èèyàn lówó àfihàn mọ èyí dáadáa. Wọn á ti gba èlé wọn kí èsì tó jáde, ó dáa ni o, kò dáa ni o. Bí wọ́n bá wá fi sìtétímẹ́ǹtì ayédèrú tì í lẹ́yìn, tí àṣírí sì tú, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lójú. Ejẹ́ǹtì kọ́ ni wọ́n máa tì í mọ́ o. Ẹ̀yin tí orúkọ yín wà nínú ìwé ni.

Owó físà alára kì í padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n gbé ti àlejò olóṣù mẹ́fà láti £115 sí £127. Bí wọ́n fún yín, wọ́n ti gbà á. Bí wọn kò fún yín, wọ́n ti gbà á.

Wọ́n tún sọ fún mi pé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, kí n sì sanwó hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, kí ó lè hàn pé mo ṣe tán. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Nínú ìtọ́sọ́nà tí ìjọba Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ṣe fún àlejò, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ọkọ̀ òfurufú wà lára ìwé tí wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wọn. Ohun tí èmi kọ ni ètò ọjọ́ mẹ́sàn-án: ibi tí n ó sùn, bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná mi, àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ń retí mi padà. Wò ó, ẹni tó fẹ́ rìn níwọ̀n ara rẹ̀ kò ní ohun tó ń fi pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Ètò kékeré tó bá owó oṣù mu ṣeé gbà gbọ́ ju hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí owó oṣù ọdún kan kò lè san. Àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí á díbọ́n bí olówó, ṣe ni wọ́n ń sọ ohun tó dára lára wa di àbùkù.

“Físà Ìlú Ọba á gbé yín dé Páríìsì”

Irọ́ gbáà. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin tó gba abẹ́ òkun kúrò ní ibùdó St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù dé Páríìsì ní wákàtí méjì lé díẹ̀, ó sì ń fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní St Pancras níbẹ̀ ni ọlọ́pàá Faransé ti ń wo ìwé ìrìnnà kí ẹ tó wọkọ̀. Físà Schengen ni wọ́n fẹ́ rí, €90 ni wọ́n ń gbà fún un láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé sì ni ó yẹ kí ẹ ti gbà á wá. Ẹ jẹ́ kí Páríìsì di ti ọdún mìíràn.

“Káàdì náírà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó ọwọ́ ni kí ẹ kó dání”

Ìdajì òótọ́. Láàárín 2022 sí 2023, ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù, àwọn mìíràn dá a dúró pátápátá. Ní 2025 ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Nítorí náà, ẹ bi báńkì yín léèrè lọ́sẹ̀ tí ẹ máa rìn, ẹ má fi ti ọdún tó kọjá ṣe. Owó ìrìn-àjò tí Báńkì Àpapọ̀ fọwọ́ sí, $4,000 ni fún oṣù mẹ́ta, láti oṣù kejì ọdún 2024 sì ni wọ́n ti ní kí báńkì má san án lówó ọwọ́ mọ́, orí káàdì ni kí ó gbà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù alára, owó ọwọ́ ti ń di àlejò. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kọfí tó lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé káàdì nìkan ni àwọn ń gbà. Ẹ mú owó díẹ̀ dání fún ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́, kí ìyókù wà lórí káàdì. Bí ẹ̀rọ ìsanwó bá sì bi yín bóyá pọ́n-ùn ni ẹ fẹ́ san tàbí owó ilé yín, pọ́n-ùn ni kí ẹ mú. Èkejì yẹn, ẹ̀rọ náà ló máa bá yín ṣírò rẹ̀, kì í sì í ṣírò rẹ̀ sí ojú rere yín.

“Owó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ló máa tán yín lápò”

Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń wọkọ̀. Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Láti pápákọ̀ Heathrow, ojú irin mẹ́ta ló wọ ìlú. Ní 2025, ọ̀nà Piccadilly, tó ti dé pápákọ̀ náà láti 1977, ń gba £5.80, ó sì máa ń tó wákàtí kan kí ó tó gbé yín dé àárín ìlú. Ọ̀nà Elizabeth tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ń gba £13.90, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni. Ẹ̀kẹta ni Heathrow Express, tó ń gba £25 lọ́dún náà lọ́wọ́ ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì fi ń dé Paddington. Èmi kò ní ẹbí ní Paddington. Bí mo bá débẹ̀ tán, n ó tún wọ ọkọ̀ mìíràn. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó sínú Piccadilly pẹ̀lú ẹrù mi, mo ń wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ará ìlú láti ojú fèrèsé, aṣọ wọn lórí okùn, kẹ̀kẹ́ ọmọ wọn nínú òjò. Kò sí ọkọ̀ yíyára kan tó máa fi ìyẹn hàn yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀sì pupa ni ọ̀rẹ́ tálákà. £1.75 ni ní 2025. Láàárín wákàtí kan tí ẹ bá ti kọ́kọ́ tẹ káàdì, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wọ òmíràn, kí ẹ tún wọ òmíràn, láì san kọ́bọ̀ kún un. Bí ẹ bá sì ń gun bọ́ọ̀sì láti òwúrọ̀ títí di òru, bó ti wù kó pọ̀ tó, £5.25 ni wọ́n ń gbà mọ lójúmọ́ ní ọdún náà. Ẹ má na owó ìwé sí awakọ̀ o. Láti oṣù keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ti ṣíwọ́ gbígba owó ọwọ́, káàdì báńkì tàbí Oyster, káàdì ọkọ̀ ìlú náà, ni. Àwọn aláfẹ́ a máa san ọ̀pọ̀ pọ́n-ùn kí wọ́n lè jókòó sórí bọ́ọ̀sì tí kò ní òrùlé, kí wọ́n máa fi ìlú hàn wọ́n. Èmi gun òkè bọ́ọ̀sì 15, mo jókòó sí iwájú pátápátá bí ọba, mo kọjá ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, mo kọjá odi Tower of London, £1.75 náà ni.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹ ó tẹ káàdì nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń jáde. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà wíwọlé nìkan ni. Káàdì tí ẹ fi wọlé náà sì ni kí ẹ fi jáde. Káàdì yín àti fóònù yín, bí wọ́n tilẹ̀ ń fa owó láti àkáǹtì kan náà, èèyàn méjì ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí, owó ẹni méjì tí kò parí ìrìn ni ó sì máa gbà. (Nígbà tí ẹ bá wà lórí àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, apá ọ̀tún ni ìdúró. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.)

Àwòrán ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Harry Beck ló yà á ní 1931, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún aráyé ní 1933. Ó gún régé, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò sọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí ibì kejì. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ ní Leicester Square, mo dúró de ọkọ̀, mo sọ̀ ní Covent Garden, mo tò síwájú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, mo jáde síta. Nǹkan bí 260 mítà péré ló wà láàárín ibùdó méjèèjì. Bí mo bá ti fẹsẹ̀ rìn, ǹ bá ti jẹun tán. Ẹ wo máàpù orí fóònù kí ẹ tó wọ ihò.

“Ohun gbogbo níbẹ̀ owó ni, kò sí ọ̀fẹ́ ní ìlú òyìnbó”

Irọ́ ni, ó sì dùn mọ́ mi nínú láti sọ ọ́. British Museum ti ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú láti 1759, kò sì gba owó ìwọlé. National Gallery, Tate Modern, Science Museum, Natural History Museum níbi tí egungun ẹja àbùùbùtán ti ń rọ̀ lókè àjà, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Àfihàn pàtàkì tí wọ́n bá ṣe fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gba owó lé. Ẹ lè lo ọjọ́ márùn-ún gbáko láàárín wọn, kí ó má ná yín ju owó bọ́ọ̀sì lọ.

Ní British Museum, ẹ wá Yàrá 25, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ohun ilẹ̀ Áfíríkà wà. Ibẹ̀ ni mo ti fojú kan orí idẹ Ifẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ní 1938 ni àwọn tó ń wa ilẹ̀ kọ́lé nínú agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí náà. Ọ̀kan nínú wọn dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo dúró síwájú rẹ̀ pẹ́ títí ọmọ ilé ìwé kan fi bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá ẹbí mi ni. Èmi náà kò mọ ohun tí ǹ bá fi dá a lóhùn. Àwọn idẹ Bìní tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 wà nínú yàrá kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà díẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Forest Hill, sí ilé Horniman, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́: ní 2022 ni wọ́n dá ẹ̀tọ́ ìní nǹkan 72 tó wá láti Bìní padà fún Nàìjíríà.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ìlú láti òkè, wọ́n á darí yín sí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá London Eye, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Sky Garden wà ní òkè ilé gíga kan ní Fenchurch Street, wọ́n ṣí i ní 2015, ọ̀fẹ́ ni, bí ẹ bá ti fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Bí eré orí ìtàgé ni ẹ bá fẹ́, Globe ti Shakespeare lẹ́bàá odò Thames ń ta ìdúró-wòran láti £5. Ẹ máa dúró fún wákàtí mẹ́ta o, òrùlé kò sì sí lórí yín.

“Òjò kì í dá ní Lọ́ńdọ̀nù”

Irọ́. Òjò tó ń rọ̀ ní Èkó lọ́dún ju ìlọ́po méjì ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, tó jẹ́ nǹkan bí 600 mílímítà. Wínníwínní ni tiwọn. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni ọ̀rọ̀ oòrùn: ní oṣù Kejìlá, ó ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹni tó bá sanwó láti wá wòran, oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Karùn-ún ni kí ó lọ. Oṣù Kejìlá tún ni àkókò tí owó ọkọ̀ òfurufú ń lé sókè jù.

“Ilé ìwòsàn wọn ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé”

Irọ́ tó lè sọ ìrìn-àjò di gbèsè. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, wọn ò ní gbowó ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà yín sórí bẹ́ẹ̀dì, àlejò ni yín, owó ìtọ́jú náà àti ìdajì rẹ̀ lé e ni wọ́n máa kọ fún yín. Físà Ìlú Ọba kò fi dandan lé ìnṣọ́ránsì. Ẹ rà á bẹ́ẹ̀ náà.

“Ẹ di oúnjẹ lọ, ebi á pa yín”

Ẹran gbígbẹ, kílíṣí, ẹran ìgbẹ́, wàràkàṣì: òfin kò gba èyíkéyìí nínú wọn láti ilẹ̀ wa, wọ́n á sì kó o dànù níwájú yín. Kí ni ẹ sì ń dì í lọ fún? Ní Rye Lane ní Peckham àti ọjà Ridley Road ní Dalston, iṣu ń bẹ, ẹ̀gúsí ń bẹ, pọ̀nmọ́ ń bẹ, ìyá tó ń tà á sì máa bá yín ná an ní Yorùbá. Ní àárín ìlú, ẹ wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ mú búrẹ́dì tó ní nǹkan nínú, ìpápánu àti ohun mímu tí wọ́n dì pọ̀ ní iye kan, kò ní tó ìdajì ohun tí ilé oúnjẹ máa gbà. Omi ẹ̀rọ wọn mímu ni. Ike kan tí mo rà ní Ìkẹjà ni mo pọn títí mo fi padà.

“Bí ẹ bá ti ní èèyàn níbẹ̀, ilé ti di ọ̀fẹ́ nìyẹn”

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè kóòdù àdúgbò. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń sọ pé “Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà” ń gbé ní Chatham, ní Kent. Kóòdù tiwọn, ME ló fi bẹ̀rẹ̀. Ti Peckham ni SE15. Láti Chatham, òpin owó ọkọ̀ ojúmọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kò kàn yín, owó ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bẹ́ẹ̀dì ní ilé ibùsùn àjùmọ̀lò ní àárín ìlú. Ní àsìkò ọlidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn yunifásítì náà máa ń fi yàrá akẹ́kọ̀ọ́ gbàlejò.

Bí ilé ẹ̀gbọ́n bá sì dára fún yín, ẹ rántí pé aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́, àti pé iná tó ń mú ilé gbóná, owó ni wọ́n ń fi san án. Mo sùn sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo ra oúnjẹ sílé lẹ́ẹ̀mejì láì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ìyàwó wọn sọ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ pé èmi ni àlejò àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Inú mi dùn díẹ̀, ojú sì tì mí fún àwa yòókù.

“Wọ́n á dá owó orí ọjà padà fún yín ní pápákọ̀”

Òótọ́ ni, títí di ìparí 2020. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 ni wọ́n ti fòpin sí i. Owó orí tó jẹ́ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lórí aṣọ àti bàtà, Ìlú Ọba ló ni ín.

“Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé gbọ́dọ̀ ra nǹkan bọ̀ fún gbogbo ilé”

Irọ́ ni. Ìdajì ohun tí ẹ máa rà wà ní ọjà Balógun, ẹ ò sì ní san owó ẹrù àpọ̀jù lé e. Mo kọ eléyìí sínú ìwé mi, mo sì fa igi lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí n padà, mo lọ ra àpò kejì.